Bọ́tìnnì Méjì Lápá Òsì

Mo rántí ìgbà tí mo ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Oregun, tí mo sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá ni mo ka ara mi sí nígbà náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ohun kan wà nínú orin tí n kò tíì mọ̀.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, iṣẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n ṣe dàgbà. Àwọn ló ń kọ béèsì. Bí wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀, àga tá a jókòó lé á máa gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ fi Èkó sílẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú, a sì ní kí wọ́n dá orin kan kọ kí wọ́n tó lọ. Àfi bí kíbọ́ọ̀dù ńlá wa ṣe dákú lọ́sẹ̀ náà gan-an. Arábìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Ọmọ́lé ló yá wa ní tirẹ̀, kékeré báyìí, kò gùn ju apá mi lọ. Mo yọ ṣùtì sí i. Mo ní ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, bàbá ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ohùn wọn máa ń dé, èmi náà ń bá wọn lọ, títí àwọn kíì tí mò ń tẹ̀ fi tán mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá dá orin dúró.

"Ọmọ mi, ohùn mi ò sí nínú nǹkan yìí. Jẹ́ kí n máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́."

Wọ́n ti ń pa ìwé orin wọn dé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo pe arábìnrin náà lórí fóònù.

"Ẹ ò rí bọ́tìnnì méjì lápá òsì ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohùn á sọ̀kalẹ̀ láti dò òkè dé dò ìsàlẹ̀. Èkejì ló ń gbé e padà sókè."

Ìwàǹwára mú mi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó jáde dà bí jẹnẹrétọ̀ tó ń húkọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Dá méjì padà, jọ̀ọ́! Èmi ò tíì burú tó yẹn!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, a sì jọ dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe kan àwọn obìnrin láti gbè é, mo gbé ohùn náà sókè fún wọn. Gbogbo ìjọ dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ká tún un kọ.

Lónìí, n kò rántí gbogbo ẹsẹ orin náà mọ́. Ojú bàbá ni mo rántí, bí wọ́n ṣe dijú nígbà tí ohùn wọn balẹ̀ tó sì bá ohùn mìíràn níbẹ̀, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé tó bá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní ṣíṣí.