Omi Ni Mo Rò Pé Wọ́n Ń Béèrè

Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ẹni tó bá ń ro ọtí kì í sọ̀rọ̀. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí mo ń pè ní Màámi, ló ṣòfin náà: wọ́n ní itọ́ ẹnu máa ń ta sínú ọtí, ọtí tí itọ́ bá sì ta sí á bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti jókòó ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wọn, orógùn ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fi kan etí ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, kí n bu omi gbígbóná sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó tó. Bí a ṣe ń ṣe é láti kékeré mi nìyẹn, títí mo fi lọ́kọ tí mo kó lọ sí Àrẹ̀mọ.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé láàárọ̀. Àgbàdo tí wọ́n rẹ títí tó fi hù, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì lọ̀, ti wà nínú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, agbọ̀n wà lórí ìkòkò. Ohun tó kù ni ká máa da omi gbígbóná lé e, kí wọ́n máa rò ó jẹ́ẹ́jẹ́, kí adùn ara àgbàdo lè bá omi sọ̀kalẹ̀. Tí a bá rò ó jù, á dì. Tí a ò bá rò ó, omi á kàn gba ojú kan ṣàn lọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n mi orí. Mo bu omi àkọ́kọ́.

Ẹnu tèmi kì í sinmi. Ìgbà tí wọn ò lè fèsì gan-an ni mo máa ń rojọ́ ọkọ mi fún wọn. Mo ń sọ bó ṣe lọ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá nígbà tí òrùlé wa ń jò. Wọ́n máa ń fi imú rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn wọn ò rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn.

Wọ́n kan ìkòkò lẹ́ẹ̀kan. Mo bu omi. Kò pẹ́, wọ́n tún kàn án, bẹ́ẹ̀ omi tó wà lókè kò tíì sọ̀kalẹ̀.

"Màámi, ẹ ní sùúrù. Ṣé ẹ fẹ́ kó kún ni?"

Wọ́n tún kàn án. Mo bu ú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi di orógùn mú. Mo rí i, èmi tí mo lójú yìí, mo ní bóyá ọwọ́ ọ̀tún ló rẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún kàn án, wọ́n ń kàn án ṣáá, omi ọtí ti ń ya gba ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n sílẹ̀, mo ṣì ń bu omi. Mo tiẹ̀ bínú. Mo ní, "Màámi, ogbó ti ń dé sí yín o." Ẹ gbà mí! Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Àlàájà ilé kejì ló yọjú. Wọn kì í wọ ẹ̀yìnkùlé wa lọ́jọ́ ọtí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kí wa nítorí ẹ̀sìn wọn, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí Màámi, ni wọ́n bá kígbe.

"Súbúhánáláhì! Ṣé o ò rí ẹnu wọn ni?"

Wọ́n sáré wọlé, wọ́n tẹ ọtí tó ti ya sílẹ̀ láìwo ẹsẹ̀, wọ́n gbá Màámi mú bí wọ́n ṣe ń yọ̀ kúrò lórí àpótí. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú Màámi dáadáa. Ẹnu ti yí sápá kan. Itọ́ ń ṣàn, ó ń kán sínú agbọ̀n. Igbá omi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kẹ̀kẹ́ márúwá la fi gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀gbà ni, àti pé àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ ni òun máa fi mọ oògùn tí òun lè fún wọn. Ó bi mí pé, láti ìgbà wo ni màmá ò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka igbá omi tí mo bù lọ́kàn. Ṣé láti omi kejì ni? Àbí kí n tó dé? Orí tí wọ́n mì yẹn, ṣé kíkí ni wọ́n fi ń kí mi? Dókítà rò pé mi ò gbọ́. Ó tún béèrè, ó ní tí mi ò bá mọ̀, kí n fi fóònù pe ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀, kí òun bi onítọ̀hún.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo jókòó tì wọ́n."