Ààwẹ̀ tí Màámi Gbà fún Ẹni Tó Ti Kú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ kan fún yín lónìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, àwọn ará ilé sì ti sọ pé kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùròdá Jídé, ni àkọ́bí Màámi. Ìlọrin ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù níbẹ̀, Màámi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Ìwó níbí. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún o! Omi nìkan ni wọ́n ń mu títí di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ní kí wọ́n rọra, wọ́n á ní ṣé Ọba Dáfídì rọra nígbà tí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn? Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa láti kékeré mi, ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn Bíbélì?

Bùròdá kú.

A ò sọ fún Màámi. Àbúrò bàbá wa, Alájì, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí wa, pè wá jọ. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í gbọ́ irú ẹ̀, pé tí Màámi bá gbọ́, òkú méjì la máa sin. Wọ́n ní ká máa sọ pé ara Bùròdá ń yá. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ààwẹ̀ yẹn ńkọ́?" Wọ́n ní tí Màámi bá ti gbọ́ pé ara ẹ̀ ń yá, wọ́n á jẹun.

A sin Bùròdá sí Ìlọrin. Nígbà tí mo padà dé, mo gun ọ̀kadà láti gáréèjì lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, mo bọ́ aṣọ dúdú síbẹ̀ kí n tó wọlé. Màámi bi mí pé ara ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́. Mo ní ara wọn ń yá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì fi ọjọ́ kún ààwẹ̀, wọ́n ní àdúrà ń ṣiṣẹ́. Irọ́ tí a pa kí wọ́n lè jẹun ni ò jẹ́ kí wọ́n jẹun mọ́!

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dúró mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alájì wá kí wọn. Èmi àti Alájì dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo ń sọ fún wọn pé mi ò lè ṣe é mọ́. Àfi bí Màámi ṣe pè wá láti orí ẹní. Wọ́n ní bí àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì náà ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ọba má baà gbọ́ nìyẹn.

"Ṣé ọmọ mi ti kú?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Màámi ní kí n bu omi wá, wọ́n bọ́jú. Wọ́n ní kí n po ògì. Wọ́n mu ún tán, omijé ń kán sínú abọ́. Láti ọmọdé ni mo ti ń sọ pé ọkàn Dáfídì le, pé báwo lèèyàn ṣe ń jẹun lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀ kú? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Alájì ọkọ mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti dá mi lóhùn, ẹ tún jẹ́ kí n ṣì máa bẹ̀ Ẹ́. Gbogbo yín ti sunkún ọmọ mi tán, ó wá ku èmi ìyá ẹ̀ nìkan."

Alájì ṣí fìlà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún.

Ẹ ò rí i pé ọba yẹn nìkan la máa ń wàásù lé lórí? Ta ló ń wàásù lórí àwọn ìránṣẹ́? Ọmọ ti kú, wọ́n dúró sí kọ̀rọ̀, ọba ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ebi ń pa á. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, bó ṣe ba àwa náà. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó lágbára láti bẹ Ọlọ́run lágbára láti gbọ́ èsì. Kì í ṣe tiwa láti gba èsì náà lọ́nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́ fún òbí rí, àbí ẹ̀yin ni wọ́n fi pamọ́ fún? Ẹ kọ bó ṣe rí sísàlẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Bóyá ẹnì kan á kà á, á lọ sọ òótọ́ fún ìyá ẹ̀ kó tó di pé ìyá náà tún gbààwẹ̀ lọ́la.