Ọjọ́ Tí A Sá Ìwé Sórí Okùn Aṣọ ní Ìpọ̀nrí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé girama, tí kò sí ewú kankan lórí mi, Àgùdà ní Sùúrùlérè ni à ń gbé, nínú fúláàtì kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíṣà ni bàbá mi, Yábàá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìyá mi ń ránṣọ nílé. Ọmọ Iléṣà ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí èmi sí, Èkó náà ni mo sì mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé o. Ọ̀rọ̀ kọ́míìkì ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, kọ́míìkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà tán tó ń sọ nù. A máa ń kó o jọ ni. Ìwé pẹlẹbẹ ni, àwòrán ló kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ á wà nínú nǹkan róbótó funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Ìtàn kan kì í sì í parí nínú ìwé kan. Nọ́ńbà kìíní á gbé ọ dé ibi tó dùn jù, á já ọ jù síbẹ̀, ó di dandan kí o wá nọ́ńbà kejì lọ. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í sì í bá wa ní tuntun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti òkè òkun dé, àti àwọn awakọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí Àpápá, àti àwọn ilé ìtàwé tó ń palẹ̀ mọ́, níbẹ̀ ló ti ń wá, ní ìdì ìdì bí aṣọ ọ̀kírìkà. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn ìdì yẹn sì ń já sí.

Ìyá Oníwèé là ń pè é. Àlàájà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ga, ó pupa, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ilé rẹ̀ wà ní Ìpọ̀nrí, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ìhà kánààlì, ó sì ti sọ gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá wọbẹ̀, ìwé ni láti ilẹ̀ títí kan àjà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ti Ìbàdàn wá, wọ́n ń ti Bìní wá, odidi ìdì ni wọ́n ń rà. Àwa tí a ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tábìlì ẹnu ọ̀nà ni ti wa. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Nu ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kan ìwé òun, má sì bẹ òun pé kí òun tú ìdì tí òun ò tíì fẹ́ tú.

Ìtàn tí èmi ń kó jọ, ti obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ni. Ọkọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀ ní aṣálẹ̀, ó wá ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń kó àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn, ó ń wá ọ̀nà ilé. Gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ni mo ní, àfi ẹyọ kan ní àárín. Nínú èyí tó ṣáájú ẹyọ yẹn, ìjì iyanrìn ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ojú obìnrin náà méjèèjì sì mọ́ kedere. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, aṣọ ló fi di ojú òsì, ojú náà ti fọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Mo ro ó nínú kíláàsì, mo ro ó níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Mo tiẹ̀ ń dá ìtàn sílẹ̀ fúnra mi, pé ẹyẹ ló ṣá a lójú, àbí pé olè ló dá a lọ́nà. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú wọn.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń wá nọ́ńbà yìí. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Sátidé Sátidé ló máa ń wá, pẹ̀lú táì lọ́rùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kò sí lọ́jọ́ náà. Àgbàlagbà ni, kò sì tijú àti dúró láàárín àwa ọmọdé. "Àbúrò, ṣé o ti rí i?" ni yóò bi mí. Èmi náà á ní, "Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́?" Bí kálukú bá ti gbọ́ pé ẹnì kejì kò tíì rí i, ọkàn wa á balẹ̀. Ìyá Oníwèé á wò wá láti ẹ̀yìn tábìlì. "Ó wà nínú ilé yìí," ló máa ń wí. "Lọ́jọ́ tí mo bá tú ìdì tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló ni ín."

Bàbá mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó gbà pé ìwé tí àwòrán rẹ̀ bá ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ, ọ̀lẹ ló ń sọ ọmọ dà. Kò nà mí, kò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Bó bá ṣáà ti rí i lọ́wọ́ mi, á mí kanlẹ̀, á wá gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ǹ bá fara mọ́ pàṣán ju mímí yẹn lọ.

Ó wá di ọdún kan, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Furaidé, ó rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dá wáí, oòrùn sì yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi rán mi lọ sí ọjà Ìpọ̀nrí láti ra òwú àti síìpù. Mo ní màá yà lọ́dọ̀ Ìyá Oníwèé. Ó ní kí n má pẹ́.

Omi ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ilé. Kánààlì ti kún, ó ti ya wọ àdúgbò. Ìyá Oníwèé dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, omi mù ún dé orúnkún. Àwọn ìdì tó wà nílẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ti òkè sì ti ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá bá wọn nínú omi. Ẹ̀gbọ́n oníbáńkì ti wà níbẹ̀. Ó ti bọ́ táì, ó ti ká ṣòkòtò sókè, ó gbé ìdì kan lé èjìká.

"Àbúrò, má dúró wò wá," ló wí. "Wá gba èyí."

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Ìyá Oníwèé dá a lóhùn. "Ó ti tán."

"Kò tíì tán, Ìyá. Omi lásán ni. Bó bá rí oòrùn, á gbẹ."

"Oòrùn níbo? Ẹ fi ibi tó gbẹ hàn mí ní gbogbo àdúgbò yìí."

Òótọ́ ló sọ. Mo wò yíká, omi ni níbi gbogbo. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ẹ́sítéètì tó wà lẹ́yìn wa, lórí ilẹ̀ tó ga. Okùn aṣọ lọ láti bílọ́ọ̀kù kan sí èkejì, irin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n aṣọ ti kún orí gbogbo rẹ̀, torí àwọn ìyá ibẹ̀ ti rí oòrùn kí àwa tó rí i.

Mi ò dúró gbàṣẹ. Mo gòkè lọ bá ìyá àkọ́kọ́ tí mo rí, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà. Omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníwèé. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ fi okùn yín sá ìwé."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Irú ìwé wo?"

Ọkàn mi rò pé kí n pè é ní ìwé ilé-ìwé. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀. "Kọ́míìkì ni, mà."

Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ara rẹ̀ kúrò lórí okùn, ní tútù bẹ́ẹ̀, ó ń kó wọn sínú báàfù. Ó ké sí aládùúgbò rẹ̀ ní òdìkejì, ìyẹn náà ké sí ẹlòmíràn. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, okùn ti ń ṣófo.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ́sítéètì tò láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé orí àtẹ̀gùn, à ń nawọ́ ìdì síra wa. Àṣé ìṣòro mìíràn ń bẹ níwájú. Irin wẹ́wẹ́ tó so ojú ìwé pọ̀ ti dípẹtà, bí a bá ti gbé ìwé kan, á tú sí wa lọ́wọ́. Ìyá Oníwèé mú ìdajì ìwé dání, ó ní, "Èyí tí kò lórí tí kò nídìí, ta ni yóò rà á?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ gbogbo wọn. Mo mọ ìgbà tí ọmọ ogun yìí ṣì ní fìlà àti ìgbà tó sọ ọ́ nù. Mo mọ àwọ̀ aṣọ tí ọ̀dájú yẹn wọ̀ kí wọ́n tó mú un. Mo dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn. Èyí, okùn kejì. Ìyẹn, orí irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ èyí kúrò níbẹ̀ o, ẹṣin yẹn ti kú ní nọ́ńbà tó ṣáájú." Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ó yé mi," á sì yọ ọ́. Ìyá Oníwèé tí kì í jẹ́ ká tú ìdì, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u báyìí tó ń gbé e wá bá mi: "Ọmọ dáadáa, èyí ńkọ́?"

Oòrùn ti ń kọjá lórí nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gun àtẹ̀gùn wá jẹ́jẹ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo rí èèpo ẹ̀yìn ìwé náà, mo sì mọ̀. Nọ́ńbà tí a ń wá ni. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kò kà á, kò sì fi í sápò. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ipò rẹ̀." A jọ sá a sórí okùn, láàárín èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, a sì jọ dúró kà á. Kì í ṣe ẹyẹ, kì í ṣe olè. Nígbà tí ìjì dé, gbogbo wọn ló dijú, obìnrin náà nìkan ló la ojú òsì rẹ̀ sílẹ̀ sí iyanrìn, kí àwọn tó di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn má baà ṣìnà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí bàbá mi ní ìsàlẹ̀ tó di agboòrùn mú. Ìyá mi ló ti sọ ibi tí mo gbà lọ fún un. Ṣùgbọ́n kò rí mi. Ó ti dúró lábẹ́ okùn kan, ó gbójú sókè. Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún dúró. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ ìwé, ó ń dìde, ó ń kà. Atẹ́gùn ti já ojú ìwé kan bọ́ ní ibi tó dé, mo sì ti ṣà á. Kò wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kàn nawọ́.

"Èyí tó tẹ̀ lé e dà?"

Mo fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé èmi ni. Kò mí kanlẹ̀. Ó ka ojú ìwé yẹn tán, ó dá a padà sórí okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá yíjú sí Ìyá Oníwèé tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó kí i, ó bá a kẹ́dùn, ó béèrè pé ta ló to àwọn ìwé yìí.

"Ọmọ yìí ni," ni Ìyá Oníwèé wí. "Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ǹ bá ti dáná sun wọ́n. Ta ló bí i?"

"Èmi ni," ni bàbá mi dáhùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti pe orúkọ mi tí èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo ti gba ẹ̀bùn. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ohùn tí bàbá mi fi sọ "Èmi ni" lọ́jọ́ náà. Ó gbé agboòrùn rẹ̀ kọ́ irin, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì bá wa ká ìwé tó ti gbẹ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ọjà Ìyá Oníwèé kò ṣègbé. Ìwé náà hun jọ díẹ̀ ní etí, àwọn ará Ìbàdàn sì rà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń jẹ́ kí n wọ yàrá inú, bí a bá sì gba ọlidé, èmi ni mo ń bá a to ìdì tuntun. Nọ́ńbà tí a wá títí yẹn, Ẹ̀gbọ́n ló mú un lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì tọ́. Mo ti kà á, ó tó mi. Nígbà tó yá, fídíò gba ọjà lọ́wọ́ ìwé, Ìyá Oníwèé palẹ̀ mọ́, ó padà sí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ọlá rẹ̀.

Lónìí, bí ẹ bá fẹ́ ìtàn, ẹ ó fi ìka tẹ fóònù, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ á jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èyí tó sọnù. Mi ò bínú sí i. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní mo ní i nígbà yẹn. Àmọ́ mo máa ń wò yín nínú pálọ̀ yìí, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ò rí. Láyé tiwa, bí èèyàn méjì bá ń ka ìtàn kan náà ní gbogbo Sùúrùlérè, wọn ò ní pẹ́ mọ ara wọn. Wọ́n á jọ wá a, wọ́n á jọ jiyàn lé e lórí, bí omi bá sì dé, wọ́n á jọ wọ inú rẹ̀.