Ọjọ́ Tí A Tẹ́ Ẹ̀fọ́ Sójú Ọ̀nà ní Ìpọ̀nrí

Lẹ́yìn tí àrùn kòrónà rọlẹ̀, tí gbogbo nǹkan wá gbówó lórí, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè nígbà náà, mo sì rò pé mo ti ja gbogbo ìjà tó kàn mí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àṣé ó ku ọ̀kan.

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìpọ̀nrí, létí kánáàlì, àwọn obìnrin kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ìyá Kúdí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni olórí wọn. Ajílẹ̀ ti wọ́n, ilẹ̀ wọn sì ti ṣá. Ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń fa ṣáláńgá bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrọ̀fọ̀ ìgbẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀fọ́ fi dúdú minimini. Gbogbo àdúgbò ló ń rà á. A sè é nílé tèmi náà.

Ohun tó kọ mí lóminú ni pé Múṣín ni ọkọ̀ náà ti ń fa ẹrù rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe pọ̀ sí. Omi bátìrì àti ìgbẹ́, kòtò kan náà ni wọ́n ń lọ. Mo bẹ ìbátan mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò, ó bá wa yẹ ilẹ̀ àti ẹ̀fọ́ náà wò. Òjé inú bátìrì wà nínú méjèèjì, ó sì ju ohun tó yẹ kó dé ẹnu èèyàn lọ.

Mo lọ bá Ìyá Kúdí lóko.

“Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́ ṣáà ni,” ó ní. “Àwọn bàbá wa náà fi ìgbẹ́ ẹran dáko.”

“Ìgbẹ́ máa ń jẹrà, Ìyá Kúdí. Òjé kì í jẹrà. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni yóò máa pọ̀ sí i nínú ilẹ̀. Ọpọlọ àwọn ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù.”

 Ìyá Kúdí jókòó sórí ebè, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Èmi àti Ìyá Kúdí lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wọn ní oore làwọn ń ṣe, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kó lọ ra ajílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi tó yẹ kí wọ́n kó ìdọ̀tí lọ ni wọn ò fẹ́ dé. Oko àwọn obìnrin yìí sì wà nítòsí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dí ọ̀nà oko. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà kọ̀, wọn ò wá. Wọ́n ní èmi tí mò ń gba owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ fi ebi pa àwọn. Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, torí irọ́ kọ́. Ìyá Kúdí ní tirẹ̀ fa gbogbo ẹ̀fọ́ orí ebè rẹ̀ tu, ó ń sunkún bó ṣe ń tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tí ọkọ̀ dé, òun ló dúró níwájú rẹ̀.

“Màmá, kí ló dé tí ẹ ń ba ẹ̀fọ́ tó dáa báyìí jẹ́?” awakọ̀ béèrè.

“Inú ọkọ̀ rẹ ló ti rí oúnjẹ jẹ, òjé ló sì jẹ yó. Kó ẹ̀fọ́ náà lọ sílé, kí ìyàwó rẹ sè é fáwọn ọmọ rẹ.”

Awakọ̀ náà wo ẹ̀fọ́, ó wò wá. Ó pa ẹ́ńjìnnì. “Ẹ má bínú, Màmá. Wọn ò sọ fún wa.” Ó yí ọkọ̀ padà.

Ojoojúmọ́ la ń jókòó síbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fi wá, tí wọ́n sì fòfin de dída ẹrọ̀fọ̀ sóko náà. Èyí la jèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀: àwọn obìnrin yẹn pàdánù oko torí ilẹ̀ náà kò ṣeé gbin nǹkan sí mọ́, kò sẹ́ni tó fún wọn nílẹ̀ mìíràn. Ìyá Kúdí ń ta ọṣẹ báyìí ní Àgùdà. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró, wọn ò kó ohun tí ọkọ̀ ti dà sílẹ̀ kúrò. Mi ò sì mọ oko ẹni tí wọ́n ń dà á sí nísinsìnyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń kí mi kú iṣẹ́ nítorí ìjà yẹn. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n a bẹ ìjọba pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò wò, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é. Ìgbà tí mo rí Ìyá Kúdí kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tá a ti jẹ ńkọ́?”

 Ẹ bá wa wá èsì rẹ̀.