Ìpè Mẹ́ta Láti Inú Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Fọhùn

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà á. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ogójì ọdún ṣe ní Ìkọ̀lé. Ẹ bi àwọn tí mo kọ́ bóyá mo máa ń parọ́.

Kí aya mi tó jáde láyé, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká wa. Ó ní èmi nìkan ni ó wà fún, pé kí n gbọ́ ọ bí òun bá lọ tán. Ó lọ. N kò lè gbọ́ ọ. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń sọ pé ó di ọ̀la.

Ọjọ́ tí mo wá ṣe ọkàn gírí ni ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò dìde. Yóò fi àmì àwọn tó ṣe é hàn, yóò ṣókùnkùn, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Ọyẹ́, sọ́dọ̀ Fúnmi, obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí yunifásítì. Ọ̀sán gangan ni. Ọkadà ń pariwo lóde.

"Kí lẹ fẹ́ mú nínú rẹ̀, sà?"

"Ohùn ìyàwó mi. Ó ti tó ọdún méjì, n kò tíì gbọ́ ọ."

"Háà! Bàbá, ẹ ń sá fún màmá ni?"

"Ó ti kú, ọmọ mi."

Ẹ̀rín rẹ̀ tán. Ó ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra bí ẹ̀rọ ti ń jí, títí ojú dúdú kan fi yọ, tó to onírúurú ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà dìde. Ó mú èyí tí wọ́n ń pè ní séèfù móòdù.

"Ìwọ̀nba ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣe aláìní ló ń gbé dìde níbí," ó ṣàlàyé. "Kò lè fọhùn rárá. A ó kàn da fáìlì yín kọ sórí fílááṣì, ẹ ó sì gbọ́ ọ nílé."

Ó tàn. Mo rí fáìlì náà. Orúkọ mi ni ó fún un. Fúnmi ò tíì fọwọ́ kàn án.

"Tíṣà mi."

Ẹ gbà mí gbọ́. Gbogbo ìlú ló ń pè mí ní Tíṣà. Aya mi nìkan ló ń fi "mi" sí i.

"Tíṣà mi, ṣé o wà n'ulé?"

Fúnmi gbá mi lápá mú. "Bàbá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ má jẹ́ ẹ o."

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré pé ẹni tó bá pè mí tí n kò rí, n kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ìwé tí mo ti kà kò níye. Ìkìlọ̀ yẹn ló borí gbogbo rẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́.

"Tíṣà mi?"

Ìkẹta yìí rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́.

Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Fúnmi ṣe é, ó tún un ṣe, títí di ìrọ̀lẹ́. Kò tàn mọ́.

Orí tábìlì mi ló wà báyìí. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ bọ́tìnnì náà, tí mo sì ń wí pé, "Mo wà n'ulé."

Ẹ̀yin tí ohùn òkú yín wà nínú ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ ọ lónìí, kí ẹ sì dà á kọ síbòmíràn. Bí ó bá wá ṣe pé ó pè yín kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún yín. Èmi ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ẹ wo bí mo ti wà.