Àsáró tí Àmúsà Sè fún Ìyá Ìkókó

Ọjọ́ kejìlá tí Bushrat ti wà ní ọsibítù ni dókítà ní kó máa lọ sílé. Oṣù kìíní ọdún 1978 ni, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Kánò, eruku bo gbogbo orí páànù Sabon Gari. Àmúsà Adéríbigbé, ọkọ rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ pa ní France Road, ó pe takisí, ó gbé ìyá àti ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wá ń sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra, kó rọra, títí ọkùnrin Haúsá náà fi bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún Bushrat kí ọmọ tó wáyé. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo, kò gbọdọ̀ lóṣòó nídìí iná, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nígbà tí wọ́n délé, tí Bushrat ti fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, Àmúsà bi í pé, "Ìyá Rahinat, kí ló ń wù ọ́ jẹ?"

"Oúnjẹ ọsibítù ti sú mi, Bàbá Rahinat. Ògì tó ṣàn bí omi òjò, búrẹ́dì tó le. Ká ní mo lè rí àsáró, èyí tó pọ́n dáadáa, tí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀." Ó wo ọmọ tó wà lápá rẹ̀. "Ẹ má da ara yín láàmú o. Ta la fẹ́ rán?"

"A ò rán ẹnikẹ́ni. Wàá jẹ àsáró lónìí."

Inú tó ń bí Àmúsà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, tí wọ́n pè é ní Ṣàràfá, àgbò ńlá ni wọ́n pa. Àwọn ọmọ ìlú wọn láti Ọ̀fà, tó ti pẹ́ ní Kánò, wọ́n wá, wọ́n jẹ, wọ́n ṣe àdúà gígùn fún ìyá ọmọ tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan kò gbé abọ́ ọbẹ̀ wá. Òun nìkan ló ń sáré láti ṣọ́ọ̀bù dé ọsibítù, láti ọsibítù padà sí ṣọ́ọ̀bù. Rahinat, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, kòsáí, àkàrà àwọn Haúsá, tó bá jẹ láàárọ̀ ló fi ń gbé ara ró di alẹ́, àfi ọjọ́ tí baba rẹ̀ bá ráyè ra nǹkan bọ̀. Amudat, ẹ̀gbọ́n Àmúsà obìnrin, tó ń gbé ní Hotoro, ló ṣèlérí pé òun yóò wá tọ́jú ilé. Ó ní òun ń bọ̀ ní Àlàmísì; Àlàmísì kọjá. Ó ní Jímọ̀; Jímọ̀ náà lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Oúnjẹ sísè kò ṣòro fún Àmúsà. Ìyá òun àti Amudat ló ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Kánò. Amudat ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ àǹtí wọn kan ní ọjà Singer, nítorí náà Àmúsà ló ń bẹ iṣu, òun ló ń lọ ata, òun ló ń fẹ́ iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ti kú báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àmúsà kò gbàgbé.

Ó ra iṣu kan tó tóbi, ó ra tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, epo pupa tó mọ́, àti ẹja gbígbẹ. Ó bọ́ agbádá, ó ku òun àti bùbá, ó jókòó sórí àpótí láàárín ọgbà ilé níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń dáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu. Ó fọ ẹja náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi gbígbóná oníyọ̀, ó yọ eegun rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Matthew, mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá kejì, jáde síta pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn. Ó dúró, ó wò ó, ó pariwo pé, "Ha! Télọ̀! Ṣé o fẹ́ rán iṣu yẹn ni, àbí o fẹ́ sè é?"

Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Matthew rí i pé àwàdà òun tà, ó fi kún un: "Ìyàwó yìí ti fún ọkọ rẹ̀ lóògùn jẹ o!"

Àmúsà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Matthew, ògiri kan ló wà láàárín wa. Ọjọ́ méjìlá ni ìyàwó mi fi wà ní ọsibítù. Ọjọ́ wo lo bi mí pé kí ni ọmọ mi jẹ?"

Matthew yíjú padà. Ó wọlé, ó ní kò sí ohun tí ènìyàn ń ṣe àwàdà sí mọ́ nínú ilé yìí. Alice, ìyàwó rẹ̀, tó ń sá aṣọ, gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Iṣu ti ń hó, Àmúsà ti da ata àti epo sí i, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé, nígbà tí Amudat wọlé. Gèlè rẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń fi orógùn fọ́ iṣu nínú ìkòkò.

"Súbúhánálláì! Àmúsà! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń se oúnjẹ fún ìyá ìkókó."

"Níta? Lójú gbogbo ayé? Ọkùnrin ilé wa ló ń ro oúnjẹ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé!" Kí Àmúsà tó dìde, ó ti gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìdérí dé ìkòkò, ó bu omi nínú ike tó wà nítòsí, ó dà á sórí iná. Iná náà kígbe, èéfín àti eérú bo ìkòkò. "Ó tó! Ṣé kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Sabon Gari?"

Rahinat, tó ti ń dúró de oúnjẹ láti ìgbà tí iṣu ti bọ́ síná, wo iná tó kú. "Baba, yunwa nake ji," ló wí. Bí wọ́n bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Haúsá ló máa ń fi fèsì. Ebi ń pa á ló ń sọ.

Bushrat ti gbọ́ ariwo. Ó di ògiri mú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Hotoro, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní ó ń wù mí jẹ." Ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó tẹ orúnkún kan, ojú rẹ̀ yí padà, ó fi ọwọ́ di ikùn mú.

Àmúsà fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a mú lábẹ́ apá. "Dìde. Dìde, mo ní! Ẹnikẹ́ni kò ní kúnlẹ̀ nínú ilé yìí nítorí iṣu."

Nígbà tó ti mú un jókòó tán, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá kan náà ló bí wa, mi ò ní bú yín. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí òróró gbígbóná dà sí Ìyá lọ́wọ́, ta ló gba orógùn fún oṣù méjì? Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé tẹ̀lé yín lọ sílé ọkọ, tí ọkọ yín ní òun kò jẹ irú rẹ̀ rí, ta ló sè é?"

"Ò ń tú àṣírí ilé síta!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kì í ṣe àṣírí! Orógùn tí mo dì mú nígbà tó ń ṣe yín láǹfààní kò ba orúkọ ilé wa jẹ́. Ti òní ló wá bà á jẹ́, nítorí pé ìyàwó mi ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ọjọ́ méjìlá, a ò rí yín. Ẹ wá wọlé lónìí lọ́wọ́ òfìfo, omi lẹ bù síná wa!"

Amudat ká gèlè rẹ̀ mọ́rí, ó ní ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ó sì jáde lọ láì wo ojú ọmọ tuntun.

Alice sọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé sítóòfù jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú Àmúsà. "Kẹrosín wà nínú rẹ̀," ló wí. Àmúsà nu eérú kúrò lórí ìdérí ìkòkò. Ọpẹ́lọpẹ́ ìdérí náà, eérú kò wọnú oúnjẹ. Ó gbé e kaná padà.

Wọ́n jẹun kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́. Àsáró náà pọ́n, ó rọ̀, ẹja kún inú rẹ̀. Bushrat jẹ abọ́ kan tán lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na abọ́ náà síta: "Ẹ bù díẹ̀ sí i." Rahinat fi ìka lá epo ìsàlẹ̀ àwo. Àmúsà bu ti Alice, ó sì mọ̀ pé Matthew náà yóò jẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Bí ó ṣe ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni inú tún ń bí i. Ohun tó kéré tó yìí ni wọ́n fẹ́ fi dù ú!

Ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n pè é sí ìpàdé àwọn ọmọ ìlú. Bàbá Sàláwù, tó jẹ́ olórí wọn, ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àmúsà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀ fún ohùn tí mo gbé sókè sí ẹ̀gbọ́n mi. Fún àsáró, mi ò dọ̀bálẹ̀ o. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ àgbò ọmọ mi, ta ló gbé abọ́ kan wá fún ìyá rẹ̀?"

Ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíràn ní ọmọ òde òní kò mọ àgbà. Bàbá Sàláwù sáré gba àdúà, wọ́n túká.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Àmúsà fi dáná láàárín ọgbà, ní ojúmọmọ, lójú gbogbo ayálégbé. Amudat kò padà wá títí ààwẹ̀ fi wọlé. Nígbà tó wá, ó gbé ìgò òróró kan àti súgà dání, ó gbé Ṣàràfá jó, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iná. Àmúsà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò dun òun.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin kan bá bímọ nínú ilé wọn, tí àlejò sì wọlé pẹ̀lú "ẹ kú ewu ọmọ" lásán, Àmúsà á gbé ojú kúrò lára máṣíìnì, á bi í pé, "Kí lẹ gbé wá?" Àwọn ènìyàn ní télọ̀ náà ti di aláìlójútì. Kò bá wọn jiyàn.