Àwọn Ọlọ́dẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi, Káfíńtà, kò ríran dáadáa mọ́, ó fi ayùn sílẹ̀, ó kó lọ sílé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó gbin tòmátì síbẹ̀. Ọmọ náà kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀.

“Bàbá, tí ibẹ̀ bá ṣì ń so, tiyín ni. Tí kò bá so mọ́, màá da kọnkéré sí i, kí n rí ibi gbé ọkọ̀ sí.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò mikàn, torí ó mọ àwọn tó ń bá òun ṣọ́ ọ. Kòkòrò dúdú kan ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn le, ó ń dán, eré ni wọ́n ń sá nílẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á jáde wá jẹ ìgbín kéékèèké àti àwọn kòkòrò rọ̀bọ̀tọ̀ tí ń gé tòmátì nídìí. Ó tẹ́ àjákù pákó àti ewé gbígbẹ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi sá sí lọ́sàn-án.

“Ọlọ́dẹ mi nìyẹn,” ló máa ń wí. “Wọn kì í gbowó oṣù, wọn kì í sì í sùn lẹ́nu iṣẹ́.”

Ìgbà tó wá lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní ọsibítù, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin yẹn kò níkà nínú rárá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ó fẹ́ kí bàbá bá ilé ní mímọ́. Ó kó pákó dànù, ó gbá ewé, ó sì fín oògùn apakòkòrò káàkiri.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ojú rẹ̀ ti là. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àwọn ọlọ́dẹ rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, tí wọ́n nasẹ̀ sókè.

“Bàbá, mo ti bá yín tún un ṣe,” ni ìyàwó wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “O ṣeun, ìyá mi.”

Nígbà tí òjò fọ oògùn náà lọ, àwọn kòkòrò tí ń gé tòmátì padà. Àwọn tí ì bá jẹ wọ́n kò padà. Kò ku igi tòmátì kan lóòró.

Mo ní, “Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ìyàwó rẹ̀ ló fà á.”

“Kí n wá dá ilé wọn rú nítorí kòkòrò? Pa ẹnu ẹ mọ́, àbúrò.”

Mo pa á mọ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Wọ́n da kọnkéré náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí rẹ̀, ó gbé àga síbẹ̀, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kúrò lójú ọ̀nà.”

Ó dìde, ó ń gbé àga náà kiri, kò rí ibi tí yóò gbé e sí.